Ìdánwò Ọpọlọ fún Agbábọ́ọ̀lù: Kí Ni Ìṣẹ́jú Méjìlá Lè Wí Nípa Ọmọ Ènìyàn?

   

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ní ìlú Ìkòyí ní ilẹ̀ Okun, fẹ́ dáhùn: nígbà tí wọ́n bá fi ìwé àti pẹ́ńsù dán ọpọlọ agbábọ́ọ̀lù wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, kí ni ìdánwò náà ń wọ̀n gan-an? Ìdáhùn tí àlàyé tó ń bọ̀ yóò gbé ró ni pé bí ènìyàn ṣe lọ ilé ẹ̀kọ́ tó àti bí ó ṣe yára ka ìwé tó ni ó ń wọ̀n jù, pé kò mọ ọgbọ́n orí pápá, àti pé ẹni tó bá fi í díye lé ọ̀dọ́ ń ṣe àìdáa sí ọ̀dọ́ náà, ó sì ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti rinlẹ̀ jù, orúkọ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n mọ́ lára aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù: Adewale Ogunleye, Larry Ogunjobi, Dayo Odeyingbo, Boye Mafe, Olu Fashanu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbé ibùdó ìdánrawò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Gánà, Osi Umenyiora, ọmọ Nàìjíríà tó ti gba ife ẹ̀yẹ Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì, sì ti ń wá àwọn ọmọkùnrin gíga, alágbára kiri ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí wọn yóò pè lọ́la lè wà ní Kàbà tàbí nínú gbọ̀ngàn yìí.

Èkíní: Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá tí àwọn ọmọ Ìkòyí ń gbá nírọ̀lẹ́. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sáré, tí ọkùnrin mọ́kànlá sì ń fi gbogbo ara dínà mọ́ ọkùnrin mọ́kànlá. NFL ni orúkọ àjọ tó ń darí rẹ̀, ẹgbẹ́ 32 ló sì wà lábẹ́ àjọ náà.

Draft ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìpele méje ni ó ní lónìí, ẹgbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dùn ní ọdún tó kọjá ni ó sì ń kọ́kọ́ mú. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mú a máa gba owó tó ju ti ẹni tí wọ́n mú gbẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí náà ohunkóhun tó bá ti orúkọ ọmọ sẹ́yìn, owó ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí draft tó wáyé, wọ́n a kó nǹkan bí 300 ọ̀dọ́ jọ sí ìlú Indianapolis, wọ́n a wọn gíga wọn àti ìwúwo wọn, wọ́n a ní kí wọ́n sá eré 40 yáàdì, kí wọ́n fò sókè, kí wọ́n gbé irin tó wúwo tó 225 pọ́ùn léraléra títí apá yóò fi kọ̀. Títí di ọdún 2022, wọ́n tún máa ń mú wọn jókòó, tí wọ́n ń pín ìwé fún wọn. Ìwé náà ni ìdánwò Wonderlic, tí wọ́n fi orúkọ Eldon Wonderlic tó ṣe é ní àwọn ọdún 1930 pè. Ìbéèrè 50 ni, ìṣẹ́jú 12 ni, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá àti díẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè ní kí ọmọ wá nọ́ńbà tó kàn nínú ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan, kí ó sọ bóyá ọ̀rọ̀ méjì jọra tàbí wọ́n tako ara wọn, kí ó ṣírò iye tí ọjà kan yóò jẹ́ bí wọ́n bá yọ díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Iye tí ó bá gbà ni máàkì rẹ̀. 20 ni wọ́n kà sí ti ènìyàn tó wà láàárín. Kò sí ìbéèrè kan nínú àádọ́ta náà tó kan bọ́ọ̀lù.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù, èyí tí í ṣe ọgbọ́n. Àwọn Yorùbá kì í da ìmọ̀, òye àti ọgbọ́n pọ̀. Ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí tí ó gbọ́. Òye ni agbára láti rí bí ohun kan ṣe so mọ́ èkejì. Ọgbọ́n ni mímọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tó yẹ kí ènìyàn ṣe é. Ẹni tó bá jókòó ti ọpọ́n ayò yóò rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pẹ̀ ni ẹni tó mọ òfin eré náà ṣùgbọ́n tí kò lè ta á; ọ̀ta ni ẹni tó ń ka ọmọ ayò inú ihò láìfọwọ́ kàn án, tó mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò dé kí ó tó gbé e. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀ta ayò tó lókìkí ní ilẹ̀ yìí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣẹ́jú 12 síwájú wọn, máàkì wọn yóò kéré, ọ̀pẹ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí yóò sì gba máàkì jù wọ́n lọ. Òfo ni ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wá ọ̀ta.

Èkejì: Ibi tí ìdánwò náà ti wá

Alfred Binet, ará Faransé, pẹ̀lú Théodore Simon, ni wọ́n gbé ìdánwò ọpọlọ tó kọ́kọ́ múná dóko jáde ní 1905. Ohun tí ìjọba bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ fún ni bí wọn yóò ṣe mọ àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìrànwọ́ nílé ìwé, kí wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet fúnra rẹ̀ tako àwọn tó ń sọ pé bí ọpọlọ ọmọ bá ti rí ni yóò máa rí títí ayé.

Ìdánwò náà wọ ọkọ̀ òkun, ó sì yí padà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ wò. Lára ohun tí wọ́n bi wọ́n ni ohun tí Crisco jẹ́: ṣé oògùn ni, ṣé ohun ìfọyín ni, tàbí ohun jíjẹ? Ọ̀rá ìdáná inú agolo ni, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì tàbí Rọ́ṣíà dé, tàbí àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò ra irú rẹ̀ rí, kò lè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé tó ti ẹlòmíràn. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ran ọmọ lọ́wọ́ ṣe di ohun tí wọ́n fi ń to ènìyàn sípò nìyẹn. Inú ayé yìí ni wọ́n ti ṣe ti Wonderlic, láti fi gba òṣìṣẹ́ ní kíákíá àti ní owó pọ́ọ́kú. Ní àwọn ọdún 1970, Tom Landry, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, wà lára àwọn tó mú un wọ inú bọ́ọ̀lù, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí ìdánwò yìí kan náà nílé ẹjọ́, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ilé iṣẹ́ mànàmáná Duke Power ní ibùdó kan tí wọ́n pín sí ẹ̀ka márùn-ún. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ alágbára nìkan ni àwọn aláwọ̀ dúdú wà, ẹni tó sì ń gba owó jù lọ níbẹ̀ kò gbà tó ẹni tó kéré jù lọ ní àwọn ẹ̀ka yòókù. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1965, ọjọ́ gan-an tí òfin tuntun tó ka ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà gbé òfin tirẹ̀ jáde: ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀ka tó sàn gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò méjì, Wonderlic sì ni ọ̀kan nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti gbà ṣáájú láìṣe ìdánwò kankan ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Willie Griggs àti méjìlá mìíràn pe ẹjọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1971, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà láìsí adájọ́ kan tó yapa. Ohun tí wọ́n wí ni pé kò tó kí agbanisíṣẹ́ sọ pé òun kò ní èrò búburú lọ́kàn. Bí ìdánwò kan bá ń dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀yà kan, agbanisíṣẹ́ ni yóò fi hàn pé ìdánwò náà bá iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fẹ́ ṣe mu. Duke Power kò lè fi í hàn. Ó dunni pé ìdánwò kan náà tí ó kùnà níwájú adájọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mànàmáná tún lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó pa á tì. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń fún ní ìwé náà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀rí orí pápá

Bí ìdánwò bá ń wọn ọgbọ́n tí bọ́ọ̀lù nílò, ẹni tó gba máàkì púpọ̀ yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ju ẹni tó gba díẹ̀ lọ. Ohun tó ṣeé wádìí ni, wọ́n sì ti wádìí rẹ̀. Ní 2009, Brian Lyons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí agbábọ́ọ̀lù 762 tí wọ́n wọlé ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n gbé máàkì Wonderlic kalẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ orí pápá tì í, wọn kò sì rí ohun kan tó so méjèèjì pọ̀. Ní ipò méjì, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn àti ti àwọn kan tí wọ́n ń dínà tí wọ́n sì tún ń gba bọ́ọ̀lù, àwọn tí máàkì wọn kéré ló ṣe dáadáa jù díẹ̀. David Berri àti Rob Simmons náà yẹ àwọn quarterback wò, ìyẹn àwọn tó ń darí ìkọlù tí wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù, ipò tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọpọlọ ṣe pàtàkì jù sí, wọn kò sì rí i pé ìdánwò náà sọ ohun kan nípa bí ọ̀la ẹnikẹ́ni yóò ṣe rí.

Àwọn ẹ̀dá alààyè wà lẹ́yìn àwọn nọ́ńbà yìí. Pat McInally, ọmọ Harvard, gba 50 nínú 50 ní 1975; ìpele karùn-ún ni wọ́n ti mú un, òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kí máàkì ńlá yẹn pa òun lára, nítorí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í fẹ́ ẹni tí yóò máa bi wọ́n léèrè. Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ni pé quarterback Dan Marino kò gbà ju 15 tàbí 16 lọ. Ní 1984, ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó ju bọ́ọ̀lù dé 5,084 yáàdì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí títí di ìgbà náà. Kódà àwọn tó gbọ́n púpọ̀ kò bọ́. Myron Rolle gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes lọ sí Oxford. Nígbà tó padà dé ní 2010, igba ó lé mẹ́fà ènìyàn ni wọ́n mú kí wọ́n tó mú un. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni lónìí.

Ti Morris Claiborne ló burú jù. Ní 2012, kí draft tó dé, ẹnìkan jẹ́ kí máàkì rẹ̀ jáde sí gbangba: 4. Ìṣòro ìwé kíkà ti ń bá a jà láti ilé ìwé, ìyẹn àìlera tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa tí kò sì túmọ̀ sí òmùgọ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè fi ọmọ ọdún méjìlélógún ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ Dallas mú un sí ipò kẹfà síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ojú wọn ti rí i lórí pápá. Ẹni tó bá mọ bí ó ṣe máa ń rí nílé ìwé nígbà tí olùkọ́ bá ka máàkì ọmọ sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọkùnrin yìí, ní ìlọ́po mílíọ̀nù.

Ìdí tí ìwé kò fi lè rí ohun tí pápá ń rí kò fara sin. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon gbé ọmọ ayò chess sórí pátákó, wọ́n jẹ́ kí ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ wò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n bò ó, wọ́n sì ní kí wọ́n tò ó padà. Nígbà tí ìtò náà jẹ́ ti eré tí ènìyàn ta ní tòótọ́, ọ̀ta rántí rẹ̀ ju ọ̀pẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ náà sílẹ̀ láìlétò, ìyàtọ̀ àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Agbára ọ̀ta kò sí nínú ọpọlọ lásán. Inú ọpọlọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan pàtó ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tó rí i bí èjìká alátakò ṣe yí, tó sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí wọ́n tó jù ú.

Ẹ̀kẹrin: Ohun tí máàkì ń sọ gan-an

Bí máàkì kò bá sọ ti bọ́ọ̀lù, ti kí ni ó ń sọ? Àwọn ará Nàìjíríà ti ní ìdáhùn sí èyí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀, iye máàkì tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ mìíràn, nígbà mìíràn ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ jọjọ. Awuyewuye pọ̀ lórí bóyá ètò náà tọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn awuyewuye náà, gbogbo ènìyàn gbà pé ilé ìwé ni kò dọ́gba. Ìdí tí ilẹ̀ Okun fi pọ̀ ní ọ̀mọ̀wé kì í ṣe pé Ọlọ́run fún un ní ọpọlọ tí kò fún àwọn aládùúgbò. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn òbí tó ta oko àti aṣọ láti fi rán ọmọ nílé ìwé, àti nítorí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Bí wọ́n bá mú ilé ìwé kúrò, máàkì yóò tẹ̀ lé e lọ.

Àjọ NFL ṣe òdìkejì òye yìí, ó sì ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì pe ẹjọ́ lórí ọpọlọ wọn tó bàjẹ́ nítorí fífi orí gbá orí, wọ́n fẹnu kò sórí owó gbà-má-bínú tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ yóò ṣe ìdánwò láti fi hàn pé ọpọlọ òun ti jó rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ nígbà náà fàyè gba dókítà láti gbà pé ibi tí ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ, nítorí náà aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ṣàìsàn jù ú lọ kí wọ́n tó gbà pé ó ń ṣàìsàn. Najeh Davenport àti Kevin Henry pe ẹjọ́ ní 2020; ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àjọ náà ṣèlérí láti fòpin sí i. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tí wọ́n ka ilé ìwé sí ọpọlọ, ni wọ́n tún ṣe ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, lórí àwọn ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà ilé wọn mọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ohun tí àwọn alátakò ń wí

Ó tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó fọwọ́ sí ìdánwò. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í ṣe eré agbára lásán, pé ìwé ètò eré ẹgbẹ́ kan a máa nípọn bíi bíbélì, quarterback sì gbọ́dọ̀ há a sórí. Òtítọ́ ni. Wọ́n tún ní ìwádìí kan ti fi hàn pé ọpọlọ àti bọ́ọ̀lù so mọ́ra. Òtítọ́ ni èyí náà: ní 2012, Torbjörn Vestberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Súwídìnì rí i pé àwọn agbábọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ìpele gíga ju ti ìpele ìsàlẹ̀ lọ nínú ìdánwò tó ń wọn bí ènìyàn ṣe ń tètè yí èrò padà tó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu, àti pé máàkì yìí bá gọ́ọ̀lù tí wọ́n jẹ lẹ́yìn náà rìn. Ìdánwò náà súnmọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣirò lọ, ó sì bá ìdájọ́ 1971 mu pé kí ìdánwò súnmọ́ iṣẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti yíjú sí irú èyí, wọ́n ń lo ìdánwò S2 orí kọ̀ǹpútà tó ń wọn bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń yára tó. Ṣùgbọ́n ní 2023, ìròyìn jáde pé quarterback kan, C. J. Stroud, wà ní ìdá 18 nínú 100 lórí rẹ̀, quarterback mìíràn, Bryce Young, sì wà ní 98. Ẹgbẹ́ Carolina mú Young ṣáájú, ẹgbẹ́ Houston mú Stroud tẹ̀ lé e. Ní ọdún náà, Stroud ju bọ́ọ̀lù dé 4,108 yáàdì, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù ìkọlù tuntun tó dára jù lọ. Ẹgbẹ́ Young borí lẹ́ẹ̀mejì péré nínú eré 17. Ọdún kan kò tó láti dá Young lẹ́jọ́, nítorí ẹgbẹ́ tó wọ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ìdánwò tó dára ju ti àtijọ́ lọ pàápàá kò yẹ ní fífi pààlà ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì ń kó ìtìjú bá ọmọ, ìyẹn kí máàkì máa jáde síta, kò tíì kúrò.

Ẹ̀kẹfà: Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ní 2022, àjọ NFL yọ Wonderlic kúrò nínú ètò Indianapolis. Ìyẹn kò dí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti máa lo èyí tó bá wù ú, kò sì kan àwọn ibùdó ìdánrawò tó ń dé ilẹ̀ Áfíríkà.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọ̀nà kan lọ́wọ́ tó dára jù, àwọn kan nínú wọn sì ti ń lò ó. Wọ́n a gbé fídíò eré kan sí iwájú ọmọ, wọ́n a dá a dúró lágbedeméjì, wọ́n a bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀, kí ló sì rí tó fi mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n a kọ́ ọ ní ètò eré tuntun láàárọ̀, lẹ́nu àti lórí pátákó, wọ́n a sì mú un lọ sí pápá nírọ̀lẹ́ láti wo iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò rí bọ́ọ̀lù gbọọrọ yìí rí títí ó fi pé ọmọ ogún ọdún lè yege nínú èyí, bí òye rẹ̀ bá mú. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀ ni bí ó ṣe ń kọ́ nǹkan. Kí wọ́n ṣe é ní èdè tó yé ọmọ náà.

Ní ti àwọn òbí ilẹ̀ Okun, bí ẹnikẹ́ni bá pe ọmọ wọn sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ dán ọpọlọ rẹ̀ wò, ó yẹ kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀: iṣẹ́ wo lórí pápá ni ìdánwò yìí ń wọ̀n, ta ni yóò rí máàkì náà, àti bí ọmọ bá ní ìṣòro ìwé kíkà, àyè wo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.